Ibi Tí Eruku Inú Afẹ́fẹ́ Ìkẹjà Ti Ń Wá

Afẹ́fẹ́ tí ará Òpèbí ní Ìkẹjà ń fà símú kì í ṣe ti Òpèbí nìkan. Iyọ̀ òkun wà nínú rẹ̀, erùpẹ̀ ojú títì wà níbẹ̀, èéfín dísù, èéfín igi ìdáná, èéfín bólà tí wọ́n ń sun lẹ́yìnkùlé, èéfín ìléru irin, àti eruku aṣálẹ̀ tí ọyẹ́ ń gbé wá láti ilẹ̀ Chad. Gbogbo wọn ti dàpọ̀ kí wọ́n tó dé imú. Èyí tó kúnná jù nínú wọn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5, ìyẹn eruku tí fífẹ̀ ẹyọ rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Tí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni máíkírómítà. Fọ́nrán irun orí èèyàn sì máa ń tó 50 sí 70. Ojú kò lè rí ẹyọ kan nínú eruku yìí. Irun imú kò lè dá a dúró, ikọ́ kò lè tì í jáde. Ó ń gba ọ̀fun kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró níbi tí afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ti ń pàdé, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti ń bá ọkàn jà, tó ń fa rọpárọsẹ̀, tó sì ń sọ òtútù àyà di ikú fún ọmọ kékeré.

Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé ìpíndọ́gba PM2.5 láàárín ọdún kan kò yẹ kó kọjá máíkírógíráàmù 5 nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan. Kó tó dìgbà náà, 10 ni wọ́n fàyè gbà. Ìròyìn tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 fi ti Èkó sí 68. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí yìí pa èèyàn bí 11,200 ní Èkó lọ́dún 2018 nìkan, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àdánù tí àìsàn àti ikú àìtọ́jọ́ náà fà jẹ́ dọ́là bílíọ̀nù 2.1.

Mímọ̀ pé eruku pọ̀ kò tíì sọ ẹni tó ń tú u síta. Bí ìjọba bá ti ilé-iṣẹ́ kan pa tí eruku kò sì dín, ìyà ti jẹ òṣìṣẹ́ lásán, ọmọ tó ń húkọ́ kò sì rí ìtura kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ títọpinpin orísun eruku ló ń dáhùn ìbéèrè yìí: nínú ohun tí a rí nínú afẹ́fẹ́ lónìí, mélòó ni ti ọkọ̀, mélòó ni ti iná ìdáná, mélòó ni ti ilé-iṣẹ́, mélòó ló ti ọ̀nà jíjìn wá?

Àgbègbè Ìkẹjà sí Agége ṣòro ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irú iná tí wọn kì í dá níbẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló la ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, títì Ọba Akran sì di ojúlé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Ilé-iṣẹ́ tàn dé Ògbà, Àgídíǹgbì, Orẹ̀gùn àti ẹ̀bá Agége: àwọn tó ń ṣe nǹkan jíjẹ, oníkẹ́míkà, oníke, àwọn tó ń yọ́ àlòkù irin. Títí di òní, tí èéfín bá ti bo ojú ọ̀run, ilé-iṣẹ́ ni ojú gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń lọ bá. Àmọ́ Ìkẹjà òde òní ti yàtọ̀. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Ọ̀pọ̀ ọgbà ilé-iṣẹ́ ti di ilé ìkẹ́rùsí, ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Ọ̀pá gáàsì sì ti wọ àgbègbè náà. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ kì í tú eruku tó ti ẹni tó ń sun dísù tàbí epo dúdú.

Bí iná ńlá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni iná kéékèèké ń pọ̀ sí i. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn báǹkì àti hòtẹ́ẹ̀lì ní Òpèbí àti Allen, ó wà níwájú ìsọ̀ ní Computer Village. Ọkọ̀ ẹrù àti danfó ń wọ́ lójú Agége Motor Road, bàálù ń gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, ọkọ̀ ojú irin ń fi dísù rìn. Ní Agége, ààrò búrẹ́dì tó ń jẹ igi ṣì wà, ilé ìpẹran wà ní Oko-Ọba, ìyá olóúnjẹ sì ń fi èédú se ìrẹsì lẹ́bàá títì. Ní ìhà ìlà-oòrùn Òpèbí, kò jìnnà rárá, ni ààtàn Olúsosùn wà, tó gba bólà Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun àkọ́kọ́ nínú ìtọpinpin ni kíkó eruku náà. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ kan sórí òrùlé, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ bíi lítà 16.7 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ẹ̀rọ náà ní ibi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ti yà lójijì. Eruku tó tóbi kò lè bá a yà, yóò fara gbá ògiri, yóò sì dúró síbẹ̀. Èyí tó kúnná nìkan ló ń kọjá, tó ń lọ lẹ̀ mọ́ bébà asẹ́ róbótó kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 47. Wọ́n ti wọn bébà náà kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, nínú yàrá tí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ kò yí padà. Lẹ́yìn wákàtí 24, afẹ́fẹ́ tó gba inú rẹ̀ kọjá jẹ́ mítà kúbíìkì 24. Bí ọjọ́ náà bá rí bí ìpíndọ́gba 68 tí Báńkì Àgbáyé sọ, gbogbo eruku tí wọ́n máa rí lórí rẹ̀ kò ju mìlígíráàmù 1.6 lọ. Ìwọ̀nba yìí ni gbogbo ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́. Síbẹ̀, bébà náà ti ń sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rọ kankan tó yẹ̀ ẹ́ wò: níbi tí jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ dísù bá pọ̀ sí, á dúdú kirikiri, ní àkókò ọyẹ́, á pupa bí erùpẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá mọ ohun tó wà nínú eruku náà. Orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀rọ tó lè ṣe é: ní ibùdó ìwádìí agbára, CERD, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tó ń fi agbára mílíọ̀nù fóòtì 1.7 ta pírótọ́ọ̀nù lu ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà lórí bébà asẹ́, irin ni o, bàbà ni o, òjé ni o, á tan ìtànṣán X-ray tirẹ̀ jáde, tí ti ọ̀kan kò sì jọ ti èkejì. Wọn kò ní po kẹ́míkà mọ́ bébà náà, wọn kò sì ní sun ún, nítorí náà wọ́n ṣì lè lò ó fún àyẹ̀wò mìíràn. Èédú inú eruku ni ọ̀nà yìí kò lè wọ̀n dáadáa. Bébà mìíràn tó lè fara da ooru gbígbóná ni wọ́n ń lò fún un, tí wọ́n á máa mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ títí èédú rẹ̀ yóò fi jó tán.

Iná kọ̀ọ̀kan ń kọ ilà sí eruku rẹ̀ lójú, bí ìlú ṣe ń kọ ọ́ fún ọmọ wọn láyé àtijọ́. Àmọ́ ilé méjì lè kọ ilà kan náà, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Erùpẹ̀ ilẹ̀ máa ń ní sílíkọ́ọ̀nù, alumíníọ̀mù, irin àti titanium. Òkun ń kó iyọ̀ wá. Epo dúdú tí ọkọ̀ ojú omi àti ìléru ńláńlá ń sun ń fi vanadium àti nickel sílẹ̀. Bí bàbà, barium àti antimony bá jọ fara hàn, búréèkì ọkọ̀ ló jẹ. Nígbà tí òjé ṣì wà nínú epo bẹntiróòlù, ó rọrùn láti mọ ti ọkọ̀, nítorí òjé àti bromine á jọ jáde. Kí ọdún 2005 tó parí, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà ti jáwọ́ nínú epo olójé. Ire ńlá ni fún ọpọlọ àwọn ọmọdé, àmọ́ àmì tó rọrùn jù ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọpinpin. Òjé tí wọ́n bá rí lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹni tó ń yọ́ bátìrì àlòkù, ti ìléru irin, tàbí ti bólà tí wọ́n sun.

Zinc tilẹ̀ burú jù fún ìdàrúdàpọ̀. Táyà tó ń jẹ lójú títì ń tú u jáde, ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ epo nínú ẹ́ńjìnnì kékeré ń tú u jáde, páànù tí wọ́n yọ́ ní ìléru irin ń tú u jáde, bólà náà kò sì gbẹ́yìn. Òun nìkan kò lè jẹ́rìí. Ìgbà tí wọ́n bá rí àwọn tó bá a rìn ni ọ̀rọ̀ tó yé: tó bá wà pẹ̀lú bàbà àti antimony, títì ni, tó bá wà pẹ̀lú òjé àti chlorine, ìléru tàbí bólà ni. Fún igi ìdáná, ẹ̀rí tó dájú ni levoglucosan, ohun kan tí kì í jáde àyàfi tí igi tàbí ewéko bá jó. Epo rọ̀bì kò lè ṣe é. Ọ̀nà mìíràn ni káríbọ́ọ̀nù 14: igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ní i nínú, àmọ́ epo tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kò ní in mọ́ rárá, nítorí ìdajì rẹ̀ ń pòórá ní gbogbo ọdún 5,730.

Àwọn ìṣirò tó ń pín eruku náà fún àwọn orísun rẹ̀ pín sí oríṣi méjì. Nínú èkínní, èèyàn gbọ́dọ̀ ti mọ bí eruku iná kọ̀ọ̀kan ṣe rí tẹ́lẹ̀, kó wá wò ó bí àdàlù wọn ṣe lè di ohun tó wà lórí bébà. Èkejì, tí Paatero àti Tapper ní ilẹ̀ Finland gbé jáde ní 1994, kì í béèrè èyí. Ó ń wo ọ̀pọ̀ bébà, ó dára kí wọ́n tó ọgọ́rùn-ún, ó sì ń ṣàwárí àwọn ohun tó jọ ń gòkè tó sì jọ ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ kan sí èkejì. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ń fún gbogbo ayé ní ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe òní ni irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Èkó: Oluyemi àti Asubiojo láti Ilé-Ifẹ̀ ti tẹ ìwádìí kan jáde ní 2001 tó fi ìtànṣán X-ray àti irú ìṣirò yìí wá orísun eruku Èkó.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀nà yìí kò gbé wá láti ibi tí wọ́n ti hù, ó sì kan Ìkẹjà gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í lọ, èéfín dísù tí wọ́n bá rí lórí bébà, ọkọ̀ ló ni í, kò sí àríyànjiyàn. Ní Òpèbí, dísù kan náà láti ilé epo kan náà ló ń wọ ọkọ̀ ẹrù àti jẹnẹrétọ̀ báǹkì. Èéfín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ lójú kẹ́míkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí “I better pass my neighbour”, tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀: èéfín rẹ̀ jọ ti ọ̀kadà àtijọ́ tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì kan náà. Báńkì Àgbáyé sọ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń pèsè nǹkan bí ìdajì agbára iná tí Èkó ń lò. Tí ìwádìí kan bá wá kọ “ọkọ̀” sí abẹ́ gbogbo èéfín dísù tó rí, ó ti gbé ẹ̀bi jẹnẹrétọ̀ ru awakọ̀, ìjọba á sì máa lépa danfó nígbà tí ohun tó ń pa èèyàn wà lójú fèrèsé yàrá tí wọ́n ń sùn sí.

Ohun tó lè ya àwọn méjèèjì ni ohun tó bá wọn rìn àti àkókò wọn. Jẹnẹrétọ̀ kò ní búréèkì, kò sì ní táyà. Bí èéfín dísù bá gòkè tí bàbà àti antimony kò bá a gòkè, kì í ṣe títì ló ti wá. Aago tún ń ràn wá lọ́wọ́. Èéfín ọkọ̀ máa ń ga láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á sì relẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ti jẹnẹrétọ̀ ń tẹ̀ lé ìgbà tí NẸ́PÀ mú iná lọ, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ kó má dákẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Alẹ́ gan-an ló sì burú jù, nítorí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ti tutù, kò lè gòkè mọ́, ohun tí wọ́n bá tú síta á sì dúró síbi tí wọ́n tú u sí.

Bébà tó fi wákàtí 24 kó eruku kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Àwọn ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka eruku ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ń dí àlàfo yìí. Wọ́n wúlò, àmọ́ ọ̀rinrin Èkó ń tàn wọ́n jẹ: omi máa ń mú kí ẹyọ eruku wú, ẹ̀rọ á sì rò pé eruku pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ó yẹ kí wọ́n gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ bébà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́.

Atẹ́gùn náà jẹ́ ẹlẹ́rìí. Nínú ọ̀pọ̀ oṣù ọdún, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti ojú òkun, ni ó ti ń fẹ́ wọ Èkó. Ohun tó ń kó dé Òpèbí nígbà náà ni ti Òṣòdì, ti pápákọ̀ òfurufú àti ti Agége Motor Road. Èéfín Olúsosùn ń lọ sí apá Kétu àti ìkọjá rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, tí atẹ́gùn yí padà láti àríwá ìlà-oòrùn, Òpèbí á wá wà ní ojú ọ̀nà ààtàn náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, iná ńlá ṣẹ́ yọ ní Olúsosùn, èéfín rẹ̀ sì bo àwọn àdúgbò tó yí i ká. Irú iná bẹ́ẹ̀ kò ní fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lábẹ́ bólà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí ẹni tó kọbi ara sí i ni ìtọpinpin wà fún.

Apá kan nínú PM2.5 kò tilẹ̀ ti ẹnu sàléńsà kankan jáde gẹ́gẹ́ bí eruku. Gáàsì ni wọ́n nígbà tí wọ́n jáde. Imí-ọjọ́ inú epo ń di gáàsì nígbà tó bá jó, oòrùn àti ọ̀rinrin á sì sọ ọ́ di eruku lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tó ti kúrò níbi tó ti jáde. Nàìjíríà fi ọ̀pọ̀ ọdún fàyè gba dísù tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ tó ẹyọ 3,000 nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tí Yúróòpù kò gbà ju 10 lọ. Ní ìparí 2016, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire jọ fẹnu kò láti sọ ọ́ di 50. Gánà bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Tiwa falẹ̀, ó sì bani nínú jẹ́, nítorí epo mímọ́ ń dín eruku ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ kù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni ìbáà máa jà lórí èwo ló pọ̀ jù.

Díẹ̀ sì wà tí kò sí òfin Èkó tó lè dá a dúró. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ ń kó eruku láti àfonífojì Bodélé ní Chad. Ìyàlẹ́nu tó tóbi jù ni ti àkókò òjò. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi bàálù àti ibùdó orí ilẹ̀ wo afẹ́fẹ́ láti Côte d'Ivoire dé Nàìjíríà, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní DACCIWA. Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn ibùdó ńlá náà, Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì jẹ́ òmíràn. Wọ́n rí i pé kí afẹ́fẹ́ òkun tó wọ etíkun rárá, ó ti ru èéfín igbó tí wọ́n sun ní àárín gbùngbùn àti gúúsù Áfíríkà, tó sọdá òkun wá. Afẹ́fẹ́ tí àwọn èèyàn rò pé òjò ti fọ̀ mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ kan náà fi hàn pé ohun tó súnmọ́ imú lè ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní Yopougon ní Abidjan, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi igi yan ẹja, ìpíndọ́gba PM2.5 tó nǹkan bí 145, nígbà tí ti ẹ̀bá títì ní Abidjan àti ní Kútọnu kò ju nǹkan bí 32 lọ. Ẹni tó ń wo ojú ọ̀run láti òkèèrè kò lè mọ̀ pé ẹ̀yìn ààrò yẹn ló burú jù. Ó yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé ẹ̀gbẹ́ ààrò búrẹ́dì Agége àti ibi tí wọ́n bá ti ń fi táyà sun pọ̀nmọ́.

Láti mọ èyí tó jẹ́ ti àdúgbò gan-an, ọ̀nà kan wà tí Lenschow àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní Berlin ní 2001: wọ́n wọn eruku lẹ́yìn ìlú, wọ́n wọn ọ́n láàárín ìlú níbi tó jìnnà sí ọkọ̀, wọ́n sì wọn ọ́n lẹ́bàá títì, kí wọ́n tó wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́bàá títì ni ti títì. Ìkẹjà ní ohun tí Berlin kò ní. Ó yẹ kí àwọn tó wà lórí Band A, ìpele iná tó ga jù, tí owó rẹ̀ lọ sókè ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, nígbà tí àdúgbò tó wà nítòsí lórí ìpele ìsàlẹ̀ kì í rí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan ní àdúgbò tó ní iná, èkejì ní èyí tí kò ní, ní alẹ́ kan náà, lábẹ́ atẹ́gùn kan náà, á ní òkun kan náà, ọyẹ́ kan náà àti èéfín ọ̀nà jíjìn kan náà lórí bébà wọn. Tí wọ́n bá yan àdúgbò méjì tí ọkọ̀ wọn àti iná ìdáná wọn kò yàtọ̀ púpọ̀, tí wọ́n sì ṣe é fún ọdún kan gbáko, òjò àti ọyẹ́, ohun tó bá fi ju ara wọn lọ, ti jẹnẹrétọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀.